Igbá Mẹ́fà Tí Kò Jọra: Ilé Ìtajà Igbá Fínfín Kan ní Ọ̀yọ́

Igbá mẹ́fà tí ó jọra délẹ̀délẹ̀ ni mo wá lọ sí ilé ìtajà igbá fínfín kan tí kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, nítorí a fẹ́ fi kó ẹrù ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin lọ sí ilé àwọn àna wa. Bí abọ́ oníke tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Bàbá tó ni ilé iṣẹ́ náà gbọ́ mi dé òpin, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, akèrègbè ní í júwe ibi tí a ó ti fokùn sí i lọ́rùn. Ohun tí igbá bá gbà ni mo ń fín sí i.”

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọgbọ́n ọjà lásán. Ìtàkùn kan ṣoṣo, èyí tí àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ń pè ní Lagenaria siceraria, ló ń so igbá pẹrẹsẹ, akèrègbè ẹmu, àdó olóògùn, ató ọlọ́rùn gígùn àti ṣẹ́rẹ́ tí àwọn oníṣàngó ń mì. Òdòdó rẹ̀ funfun, ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń là, akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, kòkòrò ló sì ń gbé ìyẹ̀fun akọ lọ bá abo. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ bá gbin akèrègbè sí ẹ̀gbẹ́ igbá, irúgbìn tó bá kó níbẹ̀ lè so ohun tí kò jọ ìyá rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, èso tó rọ̀ sókè lórí igi, ọrùn rẹ̀ yóò gùn gbọọrọ, èyí tó sùn sílẹ̀ yóò tẹ́ lápá kan. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í wọ inú irúgbìn lọ.

Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá ni mo fẹ́ràn jù. Ìlà tó yí etí igbá ká kì í yà kúrò lójú kan, ó dà bí omele tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. Àárín igbá ni ìyáàlù rẹ̀, níbi tí ọnà híhun kan náà ti ń yí padà, tó fẹ̀ lórí igbá títóbi, tó sì há mọ́ra lórí kékeré. Mo to igbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, ẹni tó rí wọn mọ̀ pé ọmọ ìyá kan ni wọ́n, kò sì sí ìbejì nínú wọn. Mo gbà pé èyí dára ju ohun tí mo bá wá lọ.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí n kò gbà. Ọmọrí méjì ń mì lórí igbá wọn, nítorí wọ́n ti pààrọ̀ ara wọn nínú òkìtì. Ọmọṣẹ́ kan ní igbá kì í kúkú jọra. Àìbìkítà ni èyí, kì í ṣe ọnà: láti ara èso kan náà ni a ti ń gé igbá àti ọmọrí, ó sì yẹ kí wọ́n dojú dé ara wọn. Bàbá kò jiyàn; ó tú òkìtì náà, ó rí àwọn ọmọrí gidi, ó sì bẹ̀ mí.

Mo san 7,000 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìdúnàádúrà, kò sì wọ́n jù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dúró, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n dá fún mi. Kí ẹni tó bá ń lọ tètè lọ fi owó sílẹ̀, kí ó sì yí ọmọrí kọ̀ọ̀kan lórí igbá rẹ̀ kó tó gbé e.