Àgbàdo Ẹ̀pẹ́: Oògùn Ni Tàbí Eṣinṣin?

Láti 2016 tí fall armyworm, kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, ti dé Nàìjíríà, oògùn ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kọ́kọ́ ń sáré rà. Oògùn yá lóòótọ́, bí kòkòrò bá ṣì kéré. Tó bá ti dàgbà, àárín ewé àgbàdo ló ń sá sí, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì dí ẹnu ibẹ̀. Oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kejì ni eṣinṣin tachinid. Ó jọ eṣinṣin ilé, àmọ́ irun ara rẹ̀ le. Ara kòkòrò tàbí ewé tó ń jẹ ló ń yé sí. Ìdin rẹ̀ á wọnú kòkòrò náà, á máa jẹ ẹ́ láti inú títí yóò fi kú. Àléébù ibẹ̀ ni pé kòkòrò yẹn ṣì lè jẹ àgbàdo fún ọjọ́ mélòó kan. Èrè rẹ̀ wà níwájú: kò ní di àfòpiná, bẹ́ẹ̀ àfòpiná kan lè yé ju ẹyin 1,000 lọ.

Ẹ má sọ pé ká kó o wá láti òkèèrè o. Amẹ́ríkà kó irú eṣinṣin yìí kan, Compsilura concinnata, wọlé ní 1906, ó sì pa àwọn àfòpiná tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Tiwa tó wà nílẹ̀ ni ká tọ́jú.

Eṣinṣin ni mo fara mọ́. Oje òdòdó ló ń mu tó bá dàgbà, ẹ fi koríko olódòdó sílẹ̀ létí oko. Oògùn tí a fín káàkiri ń pa òun náà. Tó bá di dandan, àgbàdo tí kòkòrò wà lára rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fín.