Bone scan tá a lọ ṣe fún bàámi: iṣẹ́ wọn dáa, àmọ́ ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa bone scan (fọ́tò egungun tí wọ́n máa ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ oògùn kí wọ́n tó yà), ẹ ka eléyìí. Jẹjẹrẹ próstéètì ló ń bá bàámi fínra, ẹ̀yìn tún ń ro wọ́n, dókítà níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ní ká lọ wò ó bóyá ó ti dé egungun. X-ray ò fi nǹkan kan hàn o, àmọ́ dókítà ní àìsàn gbọ́dọ̀ ti jẹ egungun dáadáa kí X-ray tó rí i, bone scan máa ń tètè rí i.

Ló bá di ilé ìwòsàn n'Íbàdàn. A jí kùtù wọ mọ́tò, a débẹ̀ tán ni wọ́n wá ń sọ pé oògùn ò tíì wọlé. Technetium loògùn ọ̀hún, ìtànṣán (radiation) ló ń tú jáde, láàárín wákàtí 6 agbára ẹ̀ ti dín sí ìlàjì, kì í ṣe Panadol téèyàn ń kó pamọ́. Ìyẹn yé mi. Èwo ni ti pé nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ wọn tí wọn ò pè? Àgbàlagbà tẹ́yìn ń ro!

Ìgbà tá a padà lọ, mi ò rí nǹkan bá wọn wí sí. Wọ́n gún baba lábẹ́rẹ́ lápá, wọ́n ní kí wọ́n máa mu omi kí wọ́n máa tọ̀, a jókòó bíi wákàtí 3 kí oògùn lè wọ egungun, baba ń kùn pé ṣé omi làwọn wá mu n'Íbàdàn ni. Baba bọ́ bẹ́líìtì, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò, wọ́n sùn, kámẹ́rà rọra ń lọ láti orí dé ẹsẹ̀, kò dùn wọ́n rárá. Fọ́tò tó jáde, egungun baba lódidi, àpò ìtọ̀ dúdú bí èédú torí ibẹ̀ loògùn ń gbà jáde.

Ibì kan tún dúdú ní eegun ìhà, àyà mi já. Àṣé ibikíbi tí egungun bá ti ń tún ara ẹ̀ ṣe ló ń dúdú, kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan, àrìnká náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà bi wọ́n, ni baba bá jẹ́wọ́ pé àwọn ṣubú lórí ọ̀kadà (a ò gbọ́ nílé o!), X-ray ìhà sì fi ibi tó sán hàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò yẹn sí WhatsApp ẹbí kí dókítà tó sọ̀rọ̀.

Owó ẹ̀ ò kéré, àmọ́ mi ò kábàámọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré tàbí aláboyún rọ̀ mọ́ ẹni tó ṣe é lọ́jọ́ yẹn, torí ìtànṣán oògùn yẹn. Kò sì sí pé ẹ ò gbọdọ̀ jẹun o, ẹ gbé oúnjẹ dání, ìrẹsì tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ò ṣeé jẹ.