Ìkìlọ̀: kọ̀ǹpútà géèmù tòkunbọ̀ tí wọ́n ti so lẹ́sẹ̀ kí ẹ tó rà á

Òkun o, gbogbo ará ilé, láti Kàbà títí dé Ẹgbẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń múra láti ra kọ̀ǹpútà géèmù tòkunbọ̀ ní Lọ́kọ́jà tàbí ní agbègbè wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó san owó. Wọ́n ń ta ẹ̀rọ tí agbára iná inú rẹ̀ kò tó, wọ́n á wá so ó lẹ́sẹ̀ láti inú Windows, ìyẹn ni pé wọ́n á rẹ agbára rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má baà kú lójú yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí ẹ bá fọ́máàtì rẹ̀ nílé, tí ẹ pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, ni okùn yẹn já, wàhálà sì dé. Tí ẹ bá pe ẹni tó tà á, á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

Èmi àti àbúrò mi ló ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ náà ti ń tọ́jú owó láti ọdún tó kọjá, ó fẹ́ ṣí ilé géèmù kékeré kan ní Kàbà, kí àwọn ọ̀dọ́ máa san owó gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà ní ìrọ̀lẹ́. Mo fi díẹ̀ kún tirẹ̀, ó di ₦385,000. A gba ọ̀nà Ọbájànà lọ sí Lọ́kọ́jà, a sì bá ọkùnrin kan tí wọ́n júwe fún wa. Ó ní Core i5-4570 ni CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) tó wà nínú ẹ̀rọ náà, RAM 16GB, káàdì gíráfíìkì RX 580 ti 8GB, àti power pack (àpótí tó ń pín iná fún gbogbo inú ẹ̀rọ) 600 watt. Ó fi géèmù bọ́ọ̀lù kan hàn wá, ó ń lọ geere. Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó tilẹ̀ fi máòsì kan ta àbúrò mi lọ́rẹ. A kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nídìí ẹ̀rọ náà tí a fi kówó lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ karùn-ún, àbúrò mi fọ́máàtì rẹ̀ torí pé pàǹtírí pọ̀ nínú Windows tí a bá lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, géèmù tó bá ti wúwo díẹ̀ kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, fáànù á dákẹ́, kí a tó sọ̀rọ̀, ó ti ń tan ara rẹ̀ padà. Kò sí ojú búlúù, kò sí ọ̀rọ̀ àṣìṣe kankan. Bẹ́ẹ̀, a lè fi í wo fíìmù láti àárọ̀ di alẹ́ kó má ṣe nǹkan kan.

Mo pe ọkùnrin náà. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, iná yín ní Kàbà ni kò dáa." Ìkejì, "Ta ló ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ iná yẹn wọ̀ mí létí, torí gbogbo wa la mọ bí iná wa ṣe ń lọ sókè sódò. A ra stabilizer, kò yí padà. A gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Mọpà, sí ilé ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lo sólà àti inverter, níbi tí iná ti dúró digbí. Ìṣẹ́jú méje, ó kú. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé iná Kàbà kọ́.

Ọ̀rẹ́ mi yìí mọ iṣẹ́, ó sì ní sùúrù. Ó ní a ò gbọdọ̀ ra ohunkóhun títí a ó fi mọ ibi tó ń dùn ún. Ó ṣí Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ inú Windows, ó bá Kernel-Power 41 níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó kú, BugcheckCode rẹ̀ (nọ́ńbà àṣìṣe) sì jẹ́ 0. Ó ṣàlàyé fún mi pé nọ́ńbà 41 yẹn nìkan kò sọ ohun tó fà á, ó kàn ń sọ pé ẹ̀rọ náà kú láìdágbére ni. Òdo tó tẹ̀ lé e ló yẹ kéèyàn wò: Windows kò rí àyè kọ àṣìṣe kankan sílẹ̀, èyí sì sábà máa ń jẹ́ pé iná ló já lójijì. Síbẹ̀ kò fi mọ síbẹ̀. Ó fi HWiNFO wo ooru: nígbà tó kú, CPU wà ní 68°C, káàdì wà ní 74°C, ìyẹn kò tó ohun tó ń pa ẹ̀rọ. Ó fi MemTest86 yẹ RAM wò láti alẹ́ di àárọ̀, kò rí àléébù kan. Ó wá tú power pack tirẹ̀, 550 watt, ó so ó mọ́ tiwa. Àbúrò mi gbá géèmù fún wákàtí mẹ́ta gbáko, ẹ̀rọ náà kò mira.

A wá gbé power pack ọkùnrin náà lé ọwọ́ kan, ti ọ̀rẹ́ mi lé ọwọ́ kejì. Ti ọ̀rẹ́ mi wúwo bí bíríkì, ti ọkùnrin náà fúyẹ́ bí agolo òfìfo. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò tó wà lára rẹ̀ fún yín, torí ibẹ̀ ni irọ́ náà hàn kedere. Wọ́n kọ 600W gàdàgbà sí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú tábìlì kékeré tó wà nísàlẹ̀, ìlà 12V, tí káàdì àti CPU ń jẹun lára rẹ̀, amp 17 péré ni. Ẹ fi 12 sọ 17 di púpọ̀: watt 204. Káàdì RX 580 tó ní òun tà fún wa nìkan lè jẹ tó watt 185, i5-4570 sì jẹ́ ti watt 84. Àwọn méjèèjì papọ̀ jẹ́ 269. Ẹrù tó lè tó 269 ni wọ́n fẹ́ gbé lé ẹni tí agbára rẹ̀ jẹ́ 204, tí géèmù bá sì ti gbóná, ó ní láti dà á sílẹ̀. AMD fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ni RX 580, ní kí èèyàn lo power pack 500 watt fún káàdì náà. Ti ọ̀rẹ́ mi tó ń jẹ́ 550 yẹn, amp 45 ló wà lórí 12V rẹ̀.

Nǹkan míì tún wà níbẹ̀. Power pack yẹn kò ní wáyà tó ń lọ sínú káàdì rárá, wọ́n fi adapter so wáyà Molex, irú wáyà àtijọ́ tí kì í ṣe ti káàdì, mọ́ ọn. Ike ẹnu adapter náà ti pọ́n, ó ti fẹ́ yọ́. Ilé géèmù tí ọmọdé máa kún inú rẹ̀ la fẹ́ gbé nǹkan yìí sí o! Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, ju owó lọ.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò fi kú ní ṣọ́ọ̀bù? Ọmọkùnrin kan láti Ìsánlú ló jẹ́ kí a mọ̀. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn kan náà ló ti ra tirẹ̀, kò sì tíì fọ́máàtì rẹ̀. Ẹjọ́ tirẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà ń fà. A ṣí MSI Afterburner, ètò tí wọ́n fi ń yí agbára káàdì padà, tó bá lórí rẹ̀: wọ́n ti rẹ power limit (iná tí káàdì lè jẹ) sílẹ̀ sí -45, wọ́n ti fa core clock (eré tó ń sá) wálẹ̀ sí 900 MHz, nígbà tó jẹ́ pé RX 580 máa ń sáré dé 1340. Wọ́n sì ti yan án pé kí ètò náà máa wọlé fúnra rẹ̀ tí Windows bá ti tàn. A dá a padà sí bó ṣe yẹ, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, tirẹ̀ náà kú. Okùn tó já lọ́wọ́ àbúrò mi nìyẹn. Nínú GPU-Z, ètò tó ń fi irú káàdì hàn, a tún rí i pé káàdì méjèèjì ní shader (ẹ̀ka kéékèèké tó ń ya àwòrán) 2048, dípò 2304 tó yẹ kó wà nínú RX 580 gidi. Irú tí AMD ṣe fún ọjà Ṣáínà ni, agbára RX 570 ló ní, owó RX 580 ni wọ́n gbà.

A padà lọ bá a. Ó ní òun kì í dá owó padà, ṣùgbọ́n tí a bá fi ₦60,000 kún un, òun á pààrọ̀ power pack. A kọ̀. Rìsíìtì wa kò sọ ju "kọ̀ǹpútà kan" lọ, ìdí tí ẹnu rẹ̀ fi le nìyẹn. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ káàdì, CPU, power pack àti iye ọjọ́ wáráńtì sínú rìsíìtì, kí ẹ tó na owó jáde. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, sì ń gba ẹ̀sùn. A ti ń kó àwòrán àti rìsíìtì tiwa jọ fún wọn.

Ẹ mú flash tiyín dání lọ, kí GPU-Z, HWiNFO àti FurMark (ètò tó ń fi iṣẹ́ ńlá dán káàdì wò) wà lórí rẹ̀. Kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ Afterburner kúrò, kí ó dá ètò Radeon (ètò AMD fún káàdì) padà sí bó ṣe wà, kí ó sì tan ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i lójú yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi géèmù tó wúwo sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí òun yàn. Kí ẹ ní kí ó ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ ka ìlà 12V fúnra yín. Ẹni tó bá ní àyè kò sí fún ìyẹn, ẹ gbé owó yín, ẹ máa lọ.

Ẹni tó bá ti ra irú rẹ̀, ẹ má lò ó fún géèmù mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ power pack yẹn. Ẹ má tú inú power pack fúnra rẹ̀ o, iná máa ń wà nípamọ́ nínú rẹ̀ kódà tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹ ya àwòrán tábìlì ara rẹ̀ àti ẹnu adapter náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí n fi kún tiwa.