Mathset inú páànù lọ́jà Òkè-Ajé: ẹ yẹ kọ́ńpáàsì wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Páànù náà dára, rúlà rẹ̀ tọ́. Kọ́ńpáàsì inú rẹ̀ ló ń ba ọjà jẹ́, òun náà ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ SS3 ní Ìjẹ̀bú-Òde gbà pé olórí pípé nìkan ló ni construction, ìyẹn fífi rúlà àti kọ́ńpáàsì ya igun àti àwòrán nínú ìṣirò.

Ìdè orí rẹ̀ kì í le. Ọmọ á ṣí i sí sẹ̀ǹtímítà 5, á fa ìlà àkọ́kọ́; kó tó fa èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yà sí 5.3. Igun tó yẹ kó jẹ́ dígírì 60 á di 64. Á pa á rẹ́, á tún un ṣe, kò ní bọ́ sí i. Ní Pépà Kejì ìṣirò WAEC, ìbéèrè 5 ni ọmọ máa mú nínú 8 tó wà ní apá kejì, máàkì 12 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí construction bá wà níbẹ̀, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ fò.

Níwájú olùtajà, ẹ fa òbíríkítí kan. Ẹ má pa ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì dà, kẹ́ ẹ fi wọn etí òbíríkítí náà yípo. Ìgbésẹ̀ kẹfà gbọ́dọ̀ bọ́ sójú ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ géẹ́. Bó bá yẹ̀, ẹ mú òmíràn. Bí olùtajà bá fajú ro, ẹ jẹ́ kó fajú ro.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á ná, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fún ìdè náà le, kẹ́ ẹ fi bébà wé ìdí pẹ́ńsù kó má baà máa yọ̀ nínú ihò rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá pàdé, kí ẹnu pẹ́ńsù àti abẹ́rẹ́ dọ́gba. Ìwé ẹsáísì ni kó wà lábẹ́ bébà, torí abẹ́rẹ́ kì í di pákó tábìlì mú.

Protractor rẹ̀, ike tí wọ́n fi ń wọn igun, ṣeé lò, àmọ́ ìlà òdo rẹ̀ kò sí létí ike gan-an, ó wọnú díẹ̀. Orí ojú kan náà ni 60 àti 120 sì wà, kọ́mọ wò ó bóyá igun náà ju 90 lọ kó tó kà á. Set square, ike onígun mẹ́ta inú rẹ̀, wúlò, àfi bí ìbéèrè bá ní rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan. Divider, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ abẹ́rẹ́? Ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn tó há ìgbésẹ̀ sórí ni igun dígírì 75 máa ń dà láàmú. Bẹ́ẹ̀ àwa tá à ń ka 75 ní márùndínlọ́gọ́rin, tá a ti ibi tó jù ú lọ yọ ọ́, kò yẹ kó ṣòro fún wa: ẹ fa 60, ẹ fa 90, kẹ́ ẹ pín àárín wọn sí méjì ọgbọọgba. Láàárín 90 àti 120 ni 105 wà.

Kí àwọn ọmọ má sì pa àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, torí ibẹ̀ ni olùmáàkì ti ń rí ọ̀nà tí wọ́n gbà. Kílínà inú páànù yẹn gan-an, dúdú ló ń fi bébà ṣe.