Cat-back tí mo fi sí Mustang mi: bó ṣe ń dún, àti ojú tí òfin Texas àti California fi wò ó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ṣé kẹ́ ẹ ra irú sàlẹ́ńsà tí mo fi sí mọ́tò mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ń gbé fún mi ná. Páìpù kan náà ni, mọ́tò kan náà, mo gùn ún kiri Houston ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè nǹkan kan, mo kó dé California ọlọ́pàá já tíkẹ́ẹ̀tì fún mi.

Mustang GT 2019 ni, ẹ́ńjìnì V8 lítà 5.0. Cat-back ni mo rà, ìyẹn ni pé láti ẹ̀yìn catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, lọ títí dé ẹnu páìpù nídìí mọ́tò lẹ máa pààrọ̀. Ẹ ò ní fọwọ́ kan catalytic converter fúnra ẹ̀, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan àwọn sensor oxygen tó ń bá ẹ́ńjìnì wo èéfín, ìdí nìyẹn tí iná check engine ò fi tàn sí mi lójú rí láti ìgbà tá a ti dè é. Stainless 304 ni mo mú, irú irin tí wọ́n fi ṣe páìpù náà nìyẹn. 409 rọ̀ lówó jù ú lọ àmọ́ ó tètè máa ń dípẹtà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù ẹ máa rí i fúnra yín. Mẹkáníìkì tó bá mi ṣe é ò gé nǹkan kan, ó tú ti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni, mo sì gbé e pamọ́ sí gárééjì. Ẹ tọ́jú tiyín náà o, ẹ ò mọ ìpínlẹ̀ tí iṣẹ́ máa gbé yín lọ.

Ohùn ẹ̀ dùn mọ́ mi, mi ò lè purọ́. Tí mo bá ta á láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù ó máa bú ramúramù díẹ̀ kó tó wá rọlẹ̀, tẹ́ ẹ bá wà nínú ilé tí ògiri tiyín àti ti aládùúgbò jọ kanra, ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á torí èèyàn tó ti ibi iṣẹ́ òru dé tó ń wá oorun lẹ máa jí. Lórí freeway ló ti ní àléébù. Tí RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bá ti wà láàárín 1,800 sí 2,200, ìró kan máa ń hùn nínú mọ́tò tí kì í dákẹ́, redíò ò lè bò ó, ìyàwó mi ní ó máa ń fọ́ òun lórí tá a bá ń rìn jìnnà, òótọ́ ló sì ń sọ. Ní ti agbára tí àwọn tó ń tà á máa ń fẹnu pọ́n, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan tí mo lè tọ́ka sí. Ohùn lẹ fẹ́ ra, ẹ má torí horsepower ná owó yín.

Ó wá kan òfin. Ní Texas, Transportation Code 547.604 ló ń bójú tó o, ohun tó sì sọ ò pọ̀: mọ́tò gbọ́dọ̀ ní muffler, ìyẹn sàlẹ́ńsà, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọn ò sì gbọdọ̀ lo cutout tàbí bypass tó máa jẹ́ kí èéfín gba ẹ̀yìn muffler kọjá. Kò sí iye decibel kankan, ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo, nínú ẹ̀. Láti January 1, 2025 wọ́n tiẹ̀ ti fagi lé inspection ààbò fún mọ́tò aládàáni, $7.50 lẹ máa san dípò ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ṣe registration, àmọ́ àyẹ̀wò èéfín ò tíì lọ ní àwọn county bíi Harris, Dallas àti Tarrant, nítorí náà ẹni tó bá yọ catalytic converter dànù kó má rò pé òun ti bọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀, Clean Air Act, sì ti kọ yíyọ ẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà.

Lára páálí tí wọ́n fi gbé e wá, wọ́n kọ "50-state legal" gàdàgbà. Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ torí ibẹ̀ ló ń kó bá èèyàn jù. Ọ̀rọ̀ èéfín ni wọ́n ń sọ, pé ẹrù yìí ò kan ohun tó ń fọ èéfín mọ́. Ariwo ní òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe tiẹ̀, kò sí páálí tó lè bá yín dáhùn níwájú adájọ́.

Ní California, Vehicle Code 27150 ní kẹ́ ẹ ní muffler tó pé, 27151 ní ẹ ò gbọdọ̀ tún páìpù ṣe kí ariwo ẹ̀ wá ga ju ti òfin lọ, decibel 95 (dBA) sì ni òpin fún mọ́tò tí GVWR ẹ̀, ìyẹn ìwúwo ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó lè gbé, ò tó 6,000 pọ́n-ùn. Àwọn kan ń sọ kiri pé AB 1824, òfin California kan, ló mú 95 yẹn wá, irọ́ ni, ó ti wà tipẹ́. Ohun tí AB 1824 yí padà láti January 1, 2019 ni ìyà ẹ̀: tẹ́lẹ̀ wọ́n lè fún yín ní fix-it ticket, kẹ́ ẹ lọ tún un ṣe kẹ́ ẹ padà wá fi hàn, lẹ́yìn òfin yẹn fáìnì ni lójú ẹsẹ̀.

Ọlọ́pàá tó dá mi dúró ò mú ẹ̀rọ kankan dání. Etí ẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Mi ò bá a jiyàn, mo gba tíkẹ́ẹ̀tì, mo fi sùúrù kọ́ ohun tó kàn. Ìpínlẹ̀ yẹn ní Smog Check Referee, púpọ̀ nínú wọn wà nínú ọgbà community college, àwọn ló ń yẹ ariwo wò, àmọ́ ẹni tó bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn. Ẹ ò lè kàn yà níbẹ̀ kẹ́ ẹ ní ẹ bá mi wò ó. Wọ́n gbé máíkì sí nǹkan bí 20 inches sí ẹnu páìpù, wọ́n dà á sí igun dígírì 45, wọ́n wá ń gbé RPM sókè díẹ̀díẹ̀. Àyà mi ń já. Ó jáde ní decibel 91. Wọ́n fún mi ní sáfíkéètì tí VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ilé iṣẹ́ kọ sára mọ́tò), nọ́ńbà mọ́tò àti irú páìpù tó wà nídìí ẹ̀ wà nínú ẹ̀, mo gbé e lọ sí kóòtù, adájọ́ sì da ẹjọ́ náà nù.

Inú mi dùn pé mo jàre, àmọ́ owó àyẹ̀wò tèmi ni, iṣẹ́ tí mi ò lọ náà tèmi ni, kò sẹ́ni tó dá a padà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Òfin tó ní nọ́ńbà tó ṣe kedere báyìí, kí ló dé tí wọ́n á fi máa fi etí lásán mú èèyàn, kẹ́ni tí ò ṣẹ̀ wá fowó ara ẹ̀ wá ẹ̀rí? Síbẹ̀ mi ò sí lára àwọn tó ní kí wọ́n fagi lé òfin yẹn o. Mo ti gbé ní ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn ọmọ kan ti ń fi mọ́tò tí ò ní muffler rárá sáré lóru, ọmọ ọwọ́ ò lè sùn, arúgbó ò lè sùn. Kí wọ́n mú ẹ̀rọ dání ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Tí mo bá ṣì wà ní Texas máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mi ò bá fún un, nítorí híhùn orí freeway yẹn. Ní California mẹ́ta ni, ẹ sì tọ́jú sáfíkéètì yín sínú mọ́tò tẹ́ ẹ bá ti gbà á. Àbúrò mi tó wà ní Brooklyn ní òun náà fẹ́ ra irú ẹ̀, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin New York ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún páìpù ṣe kó wá dún ju bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá lọ, SLEEP Act tí gómìnà Hochul fọwọ́ sí ní 2021 sì ti gbé fáìnì ẹ̀ dé $1,000. Àwọn kámẹ́rà tó ń gbọ́ ariwo tún ti wà ní ìlú wọn, tí ariwo bá ti kan 85 decibel láti ẹsẹ̀ bàtà 50 wọ́n máa ya nọ́ńbà mọ́tò, ìwé fáìnì á wá bá a nílé, $800 ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó fi ti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tó wà, kó fowó ẹ̀ ra táyà.