Òwú kọ́tìnì àti igi ìhun oparun tí mo fi sinmi lọ́wọ́ súwẹ́tà Bàbá Délé

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń hun súwẹ́tà fún Bàbá Délé, pé kí ọyẹ́ tó dé, kí wọ́n ti máa wọ̀ ọ́. Ojú mi ló tóbi. Ọnà mẹ́ta tó lọ́ mọ́ra bí irun dídì ni mo fi sí àyà rẹ̀. Ní ìlà kẹjọ-kẹjọ, wàá yọ ojú ìhun mẹ́ta sórí abẹ́rẹ́ kẹta tó ń bá ọ dì wọ́n mú fúngbà díẹ̀, wàá gbé e síwájú, wàá hun mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kí o tó padà wá hun èyí tó wà lórí abẹ́rẹ́ kẹta. Tí o bá ṣèèṣì gbé e sẹ́yìn, irun náà á yí síbi tí kò yẹ, o ò sì ní rí i títí wàá fi hun ogún ìlà lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ká gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, mo gbé e pamọ́.

(Ìyá ìyá mi tó jẹ́ ará Bùnú nílẹ̀ Ọ̀kun ì bá fi mí rẹ́rìn-ín. Láyé ijọ́un, òwú pupa tí wọ́n tú lára búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù ni àwọn ahunṣọ ibẹ̀ fi ń hun aṣọ ìpò tí wọ́n fi ń sìnkú olóyè. Títú ò ba ẹnikẹ́ni nínú jẹ́.)

Ọwọ́ mi ò kúkú lè dilẹ̀. Lọ́jà Kàbà, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta bọ́tìnnì àti síìpù, mo rí bọ́ọ̀lù òwú kọ́tìnì mẹ́ta, giramu 50 lọ́kọ̀ọ̀kan, funfun méjì, pupa kan, pẹ̀lú igi ìhun oparun méjì nínú ọ̀rá kan náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nọ́ńbà mélòó ni igi yìí?" Wọ́n ní, "Nọ́ńbà 8 ni, ọmọ mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀." Òótọ́ ni, 8 ló wà níbẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa ní kíláàsì nígbà tí Kàbà ṣì wà lábẹ́ Kwara, nínú nọ́ńbà yẹn, abẹ́rẹ́ 8 nípọn tó mílímítà 4, bí nọ́ńbà bá sì ṣe ń ga ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín. Ti Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ sára èyí: 8 tiwọn jẹ́ mílímítà 5. Ìgbà tí iṣẹ́ mi rí jáujàu ni mo tó fura. Kí ló ṣe tí wọn ò kọ mílímítà síbẹ̀?

Aṣọ ìfọbọ́ ni mo fi hun, pílénì (ojú ìhun lásán) láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí pọ́ọ̀lù (ojú tí a hun sódì) kankan. Ojú mẹ́rin ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo hun méjì, mo yí òwú ká igi lẹ́ẹ̀kan kí ojú kan lè lé sí i, mo hun ìyókù. Nígbà tó di 44, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín in lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku mẹ́rin. Ó tán!

Ibi tí igi yìí ti gba ọkàn mi nìyí: òwú kì í yọ̀ bọ́ lórí rẹ̀ bíi ti irin, kì í sì í dún kẹ̀kẹ̀ létí ẹni tó ń sùn. Iná lọ lálẹ́ ọjọ́ kejì, mi ò tan tọ́ọ̀ṣì, ìka mi ló ń ka ojú. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sí Lọ́kọ́ja, tí mọ́tò wa há sáàárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ní Ọ̀bàjànà, mo hun ìdajì aṣọ kan kí ọ̀nà tó là. Ẹ gbé súwẹ́tà ọlọ́nà yẹn síbẹ̀ kí ẹ rí i bóyá ẹ ò ní sunkún.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀kan nínú àwọn igi náà ní ẹ̀gún tó ń fa òwú. Sáńpépà ni mo fi yanjú rẹ̀. Òwú pupa ńkọ́? Ìfọ̀ àkọ́kọ́ ló ti kùn mọ́ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Funfun nìkan ni kí ẹ rà. Ó ń fa omi dáadáa, ohun tí wúùlù oníke ò lè ṣe. Ẹ má fi hun súwẹ́tà o; kọ́tìnì wúwo, bó bá pẹ́, á fà wálẹ̀ títí á fi dé orúnkún.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi ṣeré yẹn. Mo ti gbé súwẹ́tà jáde báyìí, àyà rẹ̀ ti parí, irun rẹ̀ sì gún. Apá òsì ló kù, ọyẹ́ sì ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Bàbá Délé ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ ìfọbọ́ mi, òun ni wọ́n fi ń nu dígí ojú wọn.