Ríro Oko Pẹ̀lú Ọkọ́ Tàbí Fífi Koríko Gbígbẹ Bo Ilẹ̀

Ní àsìkò òjò, kò sí iṣẹ́ tó ń gba àkókò ìdílé lórí oko kékeré bí èpò. Ọ̀nà méjì tó wọ́pọ̀ láti kápá rẹ̀ ni kí a fi ọkọ́ ro ó, tàbí kí a fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí èpò má lè hù.

Ọkọ́ kì í náni lówó púpọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń yá nígbà tí èpò ṣì kéré, pàápàá ní ọjọ́ tí oòrùn mú, nítorí èpò tí a ro sórí ilẹ̀ tútù tún lè ta gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò máa ń tètè gbẹ, àgbàrá a sì máa wọ́ ọ lọ.

Ní tèmi, bíbo ilẹ̀ ló dára jù fún tòmátì, ata àti ewébẹ̀. Bí koríko náà bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, ìmọ́lẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ èpò, omi á pẹ́ nínú ilẹ̀, koríko náà á sì jẹrà di ọ̀rá fún un. Àmọ́ kíkó koríko jọ lè súni, ìgbín àti ikán a máa fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó kan ìdí ohun ọ̀gbìn kí ó má baà mú un jẹrà. Koríko tó ti so èso kò yẹ rárá, nítorí èpò tuntun ni a ń gbìn yẹn.

Fún àgbàdo tó gba ilẹ̀ púpọ̀, ọkọ́ ni mo fara mọ́, bí a bá lè ro ó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, kí èpò tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a du oúnjẹ.